Ìwé Atọ́nà Lójú Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìṣègùn: Ìtàn Rẹ̀ láti Etíkun Àgbádárìgì títí dé Ìkẹjà

Àṣamọ̀

Ẹ̀sùn tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùkọ́ ni pé ọ̀lẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìṣègùn tí ó bá gbára lé ìwé atọ́nà. Iṣẹ́ yìí fi ojú ìtàn wo ẹ̀sùn náà. Ó tọpa ìwé atọ́nà láti ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní 1843, dé ọ̀dọ̀ àwọn dókítà adúláwọ̀ àkọ́kọ́, dé Yábà àti Ìbàdàn, títí dé kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn tí Ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ ní 1999. Ohun tí ìtàn náà fi hàn ni pé ojú tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wo ìwé atọ́nà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà nìkan. Irú ìdánwò tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀, iye tí wọ́n ń ta ìwé lọ́jà, àti bí ìwé ṣe sún mọ́ aláìsàn tó ni ó ń pinnu rẹ̀. Ìwé atọ́nà tí ó pé ni èyí tí ó ń darí akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn, tí ó sì gbọ́ èdè tí aláìsàn ń sọ.

1.0 Ìfáárà

Abèèrè kì í ṣìnà ni Yorùbá wí. Ẹni tí ó dé ibi tí kò dé rí kò gbọdọ̀ tijú láti wá ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Kí ó tó fojú kan wọ́ọ̀dù, yóò kọ́ nípa ẹ̀yà ara, iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti àwọn kẹ́míkà inú ara. Ọ̀rọ̀ tuntun tí yóò há sórí kò lóǹkà. Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí wọ́n ń pè ní MB kejì yóò dojú kọ ọ́. Ẹni tí ó bá yege yóò lọ bá aláìsàn ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tí ó bá kùnà léraléra lè pàdánù ipò rẹ̀ kí ó sì gba ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn lọ. Nínú irú ìnira báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń na ọwọ́ sí ìwé atọ́nà.

Ìwé atọ́nà ni ìwé tí ó ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ní láti mọ̀, ètò tí yóò fi kọ́ ọ, ibi tí yóò ti rí i, àti bí yóò ṣe dán ara rẹ̀ wò. Ó yàtọ̀ sí ìwé ìpìlẹ̀, irú èyí tí Henry Gray kọ lórí ẹ̀yà ara, tí ó kọ́kọ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1858. Bí ìwé ìpìlẹ̀ bá jẹ́ igbó, ìwé atọ́nà ni ipa ẹsẹ̀ inú rẹ̀. Ní 1999, Harden, Laidlaw àti Hesketh, tí wọ́n jẹ́ onímọ̀ nípa ẹ̀kọ́ ìṣègùn ní Scotland, pín iṣẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí mẹ́ta: láti bá akẹ́kọ̀ọ́ ṣètò ẹ̀kọ́ rẹ̀, láti fún un ní iṣẹ́ tí yóò mú kí ẹ̀kọ́ wọlé, àti láti fún un ní àlàyé lórí kókó ẹ̀kọ́ náà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Nàìjíríà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà sí atọ́nà fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkọsílẹ̀ tí olùkọ́ pín ní kíláàsì, àkójọ ìbéèrè ìdánwò ọdún tí ó kọjá, àti ìwé kékeré tí àwọn tí ó ti ṣáájú fi ọwọ́ kọ, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀.

Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni akẹ́kọ̀ọ́ ń wá nínú irú ìwé yìí láti ìgbà dé ìgbà, kí sì ni ìwé náà ṣe fún un?

2.0 Atọ́nà kí Ìwé Tó Dé

Kí ìwé tó dé etíkun yìí ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti wà. Ọmọ-iṣẹ́ a máa gbé lọ́dọ̀ oníṣègùn tàbí babaláwo fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni yóò já ewé, òun ni yóò wa egbò, òun ni yóò gún un. Yóò sì wà ní ìjókòó nígbà tí aláìsàn bá ń ro ẹjọ́ ara rẹ̀. Kò sí ìwé, ṣùgbọ́n atọ́nà wà. Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ ní Ifá ní Kétu ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, fi hàn nínú ìwé ńlá tí ó tẹ̀ jáde lórí ewé ní 1995 pé orúkọ ewé àti ọ̀rọ̀-ìṣe inú ọfọ̀ rẹ̀ sábà máa ń ní ìró kan náà. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá ti rántí orúkọ ewé, iṣẹ́ tí ewé náà ń ṣe yóò sọ sí i lọ́kàn.

Akẹ́kọ̀ọ́ òde òní ń ṣe irú èyí gan-an nígbà tí ó bá fi lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ iṣan ìmọ̀lára méjìlá tí ó ti inú ọpọlọ jáde hun gbólóhùn apanilẹ́rìn-ín kí ó má baà gbàgbé wọn. Nítorí náà, àkọ́sórí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àbùkù, kì í sì í ṣe ohun àjèjì. Ohun tí ó ya ti àtijọ́ sọ́tọ̀ ni pé ohun tí ọmọ-iṣẹ́ há sórí ní òwúrọ̀, ó lè rí ewé rẹ̀ ní ọ̀sán, kí ó sì rí aláìsàn tí wọ́n lò ó fún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀rọ̀ àti ohun tí ọ̀rọ̀ dúró fún kò jìnnà síra.

3.0 Àgbádárìgì àti Ìwé Ìbéèrè-òun-Ìdáhùn

Ní 24 oṣù Kẹsàn-án, 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Wẹ́sílì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, William de Graft sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní 1843, de Graft àti ìyàwó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn òpìtàn ẹ̀kọ́ kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ tí ó di Nàìjíríà. Ní oṣù Kìn-ín-ní, 1845, C. A. Gollmer, Henry Townsend àti Samuel Ajayi Crowther ti ìjọ CMS náà gúnlẹ̀. Ọdún yẹn ni wọ́n kọ́ ilé alájà tí ó ṣì dúró létí ọ̀sà títí di òní. Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843 kí ó tó dé, ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ lọ ní Àgbádárìgì títí òun àti Townsend fi lọ sí Abẹ́òkúta ní 1846.

Katikísímù wà lára àwọn ìwé tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ míṣọ́nnárì gbójú lé jù. Olùkọ́ yóò béèrè, ọmọ yóò dáhùn. Ìbéèrè kò yí padà, ìdáhùn kò sì gbọdọ̀ yẹ̀. Èyí wà lára àwọn ìwé atọ́nà àkọ́kọ́ tí a tẹ̀ tí ọmọdé etíkun yìí mọ̀. Àǹfààní rẹ̀ kò kéré. Níbi tí olùkọ́ kò pọ̀, tí ìwé sì ṣọ̀wọ́n, ìwé pélébé kan lè kọ́ ogún ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà. Àléébù rẹ̀ ni pé ọmọ tí ó mọ gbogbo ìdáhùn kò ì tí ì mọ bí wọ́n ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Àṣà yìí kò kú sí Àgbádárìgì. Ó wọ inú ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì di àkójọ ìbéèrè àtijọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ń há sórí pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀.

Atọ́nà irú mìíràn náà wà ní àsìkò yẹn. Crowther bá ìrìn-àjò orí odò Ọya ti 1841 lọ, níbi tí ibà ti pa ọ̀pọ̀ òyìnbó. Ó tún wà nínú ti 1854, nígbà tí Dókítà William Balfour Baikie pàṣẹ pé kí àwọn òyìnbó inú ọkọ̀ máa lo kínínì lójoojúmọ́. Kò sí òyìnbó kankan tí ó kú lórí ìrìn-àjò náà. Ìlànà gbólóhùn kan péré ni, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí lára àwọn aláìsàn ni ó bí i. Láti ìgbà náà ni irú atọ́nà méjèèjì ti jọ ń rìn: èyí tí ó ti ẹnu ìwé dé ẹnu ọmọ, àti èyí tí ó ti ara aláìsàn dé inú ìwé.

4.0 Àwọn Dókítà Adúláwọ̀ Àkọ́kọ́

Ní 1855, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta láti Sàró lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní King's College ní Lọ́ńdọ̀nù. Orúkọ wọn ni James Africanus Horton, William Broughton Davies àti Samuel Campbell. Yorùbá ni àwọn òbí Davies. Igbo ni ti Horton. Horton gba oyè dókítà ní Edinburgh ní 1859. Ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn, ara àti ojú-ọjọ́ ilẹ̀ tútù ni ó ń ṣàpèjúwe. Nígbà tí Horton padà sí etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kò jókòó ti ìwé yẹn. Ní 1861 ó kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀kọ́ ìṣègùn bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà fúnra rẹ̀. Ní 1874 ó tẹ ìwé jáde lórí àrùn ilẹ̀ olóoru àti ìtọ́jú wọn.

Ọdún 1861 kan náà ni Dókítà A. A. Harrison ti CMS bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ ìṣègùn ní Abẹ́òkúta. Nathaniel King, tí ó padà di dókítà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní Britain, wà lára wọn. Obadiah Johnson, àbúrò Samuel Johnson tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá, gba oyè gíga ní Edinburgh ní 1889. Ìtọ́jú àrùn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀. Ohun kan so àwọn ènìyàn wọ̀nyí pọ̀. Wọ́n fi ìwé ẹlòmíràn kọ́ṣẹ́, wọ́n ríi pé ipa ọ̀nà inú rẹ̀ kò dé ilé wọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í la tiwọn.

5.0 Yábà àti Ìbàdàn: Ìdánwò Gẹ́gẹ́ bí Atọ́nà

Ìjọba amúnisìn dá ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sílẹ̀ ní Èkó ní 1930, èyí tí ó di ara ètò ẹ̀kọ́ gíga ní Yábà. Olùrànlọ́wọ́ dókítà ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ kí ó máa kọ́ jáde, ìwé-ẹ̀rí tí ó sì ń fúnni kò ní iyì kọjá Nàìjíríà. Èyí bí àwọn ará Èkó nínú. Nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Èkó sílẹ̀ ní 1934, àìpé ilé-ẹ̀kọ́ gíga Yábà wà lára ohun tí ó fa ìjà wọn, dókítà sì ni ọ̀kan lára àwọn aṣáájú rẹ̀, James Churchill Vaughan, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Glasgow. Lójú wọn, ẹ̀kọ́ tí a gé kúrú ni ẹ̀kọ́ ẹrú. Láti ìgbà yẹn ni ìfura ti wọ ọ̀rọ̀ ìwé kékeré: bí ìwé bá kúrú, ènìyàn yóò béèrè bóyá ìmọ̀ náà ni wọ́n fẹ́ gé kù.

Ní 1948, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ àbójútó Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn Yábà. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ẹ̀kọ́ wọ́ọ̀dù títí wọ́n fi ṣí ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ UCH, tí ará Ìbàdàn ń pè ní Oríta Mẹ́fà, ní oṣù Kọkànlá, 1957. Oyè Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ń gbà títí di 1962 tí Ìbàdàn dá dúró. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, atọ́nà tí ó lágbára jù lọ kì í ṣe ìwé kankan, ìdánwò ni. Ohun tí aṣèdánwò Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà. Ọgbọ́n ni èyí, kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ, nítorí gbogbo owó àti ìrètí ẹbí wà lórí èsì kan ṣoṣo.

Ìnira náà hàn lára. Ní 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tí ó ti ṣiṣẹ́ ní Arò ní Abẹ́òkúta, tẹ ìwádìí jáde lórí àìlera tí ó rí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orí wọn ń gbóná, ohun kan ń rìn wọ́n lórí, ojú ń ṣú wọn, ohun tí wọ́n bá sì kà kì í wọlé mọ́. Prince so ó mọ́ ẹ̀kọ́ irú ti òyìnbó tí olúkúlùkù ń dá rù. Àwọn onímọ̀ ìgbà tí ó tẹ̀ lé e ti bá a jiyàn lórí bóyá àrùn ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ẹrù bá wọ̀ lọ́rùn báyìí kò ní ṣàì wá òṣùká.

6.0 Ìwé tí Ó Mọ Ilẹ̀

Lẹ́yìn òmìnira, ìwé tí ó mọ ilẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn ti Yunifásítì Èkó bẹ̀rẹ̀ ní 1962. Ní Wesley Guild ní Iléṣà àti ní Ìmẹ̀sí-Ilé, David Morley fi ọ̀pọ̀ ọdún tọ́jú àwọn ọmọdé, ó sì ṣe káàdì tí ìyá lè mú lọ sílé, tí ó ń fi bí ọmọ ṣe ń tóbi hàn. Ní 1965 ó dá ètò kan sílẹ̀ ní Britain tí ó ń ta ìwé àti àwòrán ìkọ́ni ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ ìlera ilẹ̀ olóoru. Ní 1973, Adetokunbo Lucas ti Ìbàdàn àti Herbert Gilles tẹ ìwé kúkurú kan jáde lórí dídènà àrùn ní ilẹ̀ olóoru. Ní 1986, Badoe àti Archampong ti Ghana pẹ̀lú Jaja ti Èkó tẹ ìwé iṣẹ́ abẹ tiwọn jáde.

Ìwé Lucas àti Gilles ṣe pàtàkì sí ọ̀rọ̀ yìí. Kúkurú ni, ṣùgbọ́n kò gé ìmọ̀ kù. Omi, ẹ̀fọn, ilé àti àjẹsára ni ó ń sọ, ìyẹn ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè jáde lọ fi ojú ara rẹ̀ rí ládùúgbò. Èyí fi hàn pé ẹ̀sùn tí àwọn ará Èkó fi kan Yábà ní àwọn ọdún 1930 kì í ṣe ti gígùn tàbí kíkúrú. Ibi tí ìwé dojú kọ ni ọ̀rọ̀ wà.

7.0 Ọ̀wọ́n Ìwé àti Ẹ̀rọ Àdàkọ

Láti 1986 tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP ti bẹ̀rẹ̀ ni iye náírà ti ń já wálẹ̀. Ìwé ìṣègùn tí ó ti òkè òkun wá di ohun tí owó oṣù olùkọ́ pàápàá kò fẹ́ẹ̀ lè rà. Ètò ELBS, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe ìrànwọ́ kí ìwé lè wọ́n mọ níwọ̀n fún akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ilẹ̀ bíi Nàìjíríà, dópin ní 1997. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ àdàkọ gba ipò ilé ìtàwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò lè ra ìwé ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú-ewé yóò da orí méjì kọ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lè da orí méjì kọ yóò ra àkọsílẹ̀ olùkọ́. Bí àdàkọ bá ti ara àdàkọ wá, àwòrán a máa ṣú, àṣìṣe inú rẹ̀ a sì máa ti ọwọ́ kíláàsì kan bọ́ sí ọwọ́ èkejì.

Ní àsìkò yìí ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ọgbà ńlá rẹ̀ wà ní Ọ̀jọ́ lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì, dá kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn sílẹ̀ ní Ìkẹjà ní 1999. Ilé-ìwòsàn gbogbogbò Ìkẹjà di ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ní 2001. Lóde òní, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ìwé atọ́nà ń gbé. Ọ̀wọ́n ti di ọ̀pọ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kò tán. Ẹni tí ìwé kò tó lánàá, ìwé ti bò ó mọ́lẹ̀ lónìí, ó sì tún ń wá ẹni tí yóò sọ fún un èyí tí yóò kà.

8.0 Ojú Méjì tí Akẹ́kọ̀ọ́ fi ń Wo Ìwé Atọ́nà

Nínú ìtàn yìí, ojú méjì ni ó hàn. Kí ó tó wọ wọ́ọ̀dù, akẹ́kọ̀ọ́ ń wo ìwé atọ́nà bí ọkọ̀ tí yóò gbé e kọjá odò MB kejì. Ohun tí ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó kúrú, kí ó dájú, kí ó sì bá ìdánwò mu. Nígbà tí ó bá dé wọ́ọ̀dù, ojú rẹ̀ yóò yí. Aláìsàn kì í ro ẹjọ́ ara rẹ̀ ní orí-ọ̀rọ̀ bí ti inú ìwé. Ìwé tí ó wúlò nígbà náà ni èyí tí ó sọ ohun tí ó yẹ kí ó béèrè, ibi tí ó yẹ kí ó fi ọwọ́ kàn, àti ohun tí kò gbọdọ̀ gbójú fò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan náà ni, ìwé kan náà ni. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni ó yàtọ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tí ó fi ìbéèrè ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ṣe ìdánwò kò lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú pé ìbéèrè ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kà.

Ọ̀rọ̀ èdè ni ó kù, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sì ti gba ẹ̀mí ènìyàn. Bí ìyá kan láti Àjárá bá gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé-ìwòsàn ní Àgbádárìgì, ó lè jẹ́ èdè Ògù ni yóò fi ṣàlàyé, ó sì lè jẹ́ Yorùbá. Bí ó bá sọ pé gìrì gbé ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà yóò ronú kan ibà tí ó le, yóò sì béèrè lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ohun tí wọ́n ti fún ọmọ náà mu nílé. Ìdí ni pé àwọn onímọ̀ ní Nàìjíríà ti kọ̀wé ní àwọn ọdún 1970 lórí ewu àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù, ewé tábà àti àwọn nǹkan mìíràn pò. Ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ já wálẹ̀, kí èémí rẹ̀ sì kúrú. Ìyá náà kò ní dárúkọ rẹ̀ bí wọn kò bá béèrè. Bákan náà ni jẹ̀díjẹ̀dí, tí ó lè jẹ́ ju àrùn kan lọ. Bákan náà ni ibà pọ́njú, tí kì í ṣe ibà ẹ̀fọn lásán. Ìwé tí wọ́n kọ fún ọmọ Lọ́ńdọ̀nù kò lè ní àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. Ẹni tí ó há gbogbo rẹ̀ sórí lè gba máàkì tí ó pọ̀ jù lọ, kí ó sì jókòó ti ọmọ náà láì mọ ohun tí ó ń ṣe é.

9.0 Àgbálọgbábọ̀

Láti Àgbádárìgì ti 1843 dé Ìkẹjà òde òní, ìwé atọ́nà kò kúrò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sì ní kúrò. Ọ̀lẹ wà láàárín akẹ́kọ̀ọ́ bí ó ti wà níbi gbogbo, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ kọ́ ni ó bí ìwé yìí. Àìtó olùkọ́ bí i ní Àgbádárìgì, ìdánwò òkè òkun tọ́ ọ dàgbà ní Ìbàdàn, ọ̀wọ́n ìwé sì sọ ọ́ di olórí lẹ́yìn 1986. Fífi òfin lé e jáde kò lè ṣe àǹfààní níwọ̀n ìgbà tí ohun tí ó bí i bá ṣì wà nílẹ̀.

Ọ̀nà tí Horton, Johnson, Morley àti Lucas là ni ó yẹ kí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìṣègùn tọ̀. Kí àwọn olùkọ́ fúnra wọn kọ ìwé atọ́nà, kí wọ́n má fi í sílẹ̀ fún àdàkọ. Kí ìdánwò máa béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rí lára aláìsàn. Kí ìwé kọ̀ọ̀kan ní abala tí ó ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tí aláìsàn Yorùbá àti Ògù ń lò fún àìlera wọn, ohun tí ọ̀rọ̀ náà lè jẹ́, àti ìbéèrè tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti dókítà nìkan. Àwọn olùkọ́ èdè ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìkọ́ni náà ní ìpín nínú rẹ̀, nítorí àwọn ni wọ́n mọ bí wọ́n ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ tí wọ́n sì ń tú u palẹ̀. Etíkun tí Crowther ti ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí ó wà nínú ìwé òyìnbó ni ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè nínú ìwé fún ohun tí ó wà lẹ́nu aláìsàn.